Ta Ló Bí "Emoji"? Ọ̀rọ̀ Japan Tí A Sọ Di Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì

Lórí ètò wa, a máa ń mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tí a ó tú u palẹ̀, tí a ó sì wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ inú bọ́ọ̀sì lẹ ti ń gbọ́ wa, ẹ kú ìfaradà súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ń kà á lórí fóònù ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù díẹ̀, ojú ò ní àrọ́pò.

Ọ̀rọ̀ tòní, bóyá la fi máa rí ẹnì kan nínú yín tí kì í lò ó lójúmọ́: emoji.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú gúrúùpù WhatsApp ẹbí wa. Bàbá àgbà kan nínú ẹbí jáde láyé. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n kéde rẹ̀. Gbogbo èèyàn ń kọ "Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere", "Ẹ kú ará fẹ́ra kù". Àfi bí àǹtí wa kan, tí wọ́n ti lé ní ẹni 70 ọdún, ṣe fi 😂 mẹ́fà ránṣẹ́. Mẹ́fà! Gúrúùpù dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó máa sọ.

Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Omijé ni Àǹtí rí lójú àwòrán yẹn, wọ́n sì rò pé ẹkún ni.

Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa ọkùnrin gbìyànjú láti là wọ́n lọ́yẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, emoji là ń pe ìyẹn. Láti ara emotion ni wọ́n ti mú un. Bó bá ṣe ń ṣe yín nínú ni kí ẹ fi ránṣẹ́." Àǹtí dá a lóhùn pé, "Ṣebí bó ṣe ń ṣe mí nínú náà ni mo fi ránṣẹ́."

Kò sẹ́ni tó rí èsì fún wọn. Èmi fúnra mi ò rí i, torí èmi náà ti gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún pé emotion ló bí emoji. Ó jọ bẹ́ẹ̀. Ojú tó ń rẹ́rìn-ín, ojú tó ń sunkún, ọkàn pupa: kí tún ni ká pè é bí kò ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ̀lára?

Irọ́ ni o. Emoji ò bá emotion tan rárá. Ọ̀rọ̀ Japan ni, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Jíjọ ni wọ́n jọra, wọn kì í ṣe ìyekan. Ìdí tó sì fi yẹ ká mọ̀ ọ́n kọjá pé ká borí nínú àríyànjiyàn. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń tú irú ọ̀rọ̀ yìí, kò ní í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìjọra ohùn lásán tan òun jẹ nípa èdè tirẹ̀ náà.

Ẹ jẹ́ ká la ọ̀rọ̀ náà

Nínú èdè Japan, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀ di emoji: e àti moji. E ni àwòrán. Moji ni lẹ́tà, ìyẹn àmì tí a fi ń kọ̀wé. Ẹ wá so ó pọ̀: àwòrán tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́tà. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí: 絵文字. Àmì mẹ́ta ni. Ti àkọ́kọ́, 絵, ni e. Méjì tó kù, 文字, ni moji.

Ẹ má kàn gba tẹnu mi gbọ́. Bí ẹyọ ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ojúlówó nínú èdè kan, a máa ń bá a pàdé níbòmíràn nínú èdè náà. Ẹ wo ji tó wà ní ìparí. Àwọn tó ń wo eré àwòrán Japan ti gbọ́ kanji rí: àwọn àmì ìkọ̀wé tí Japan gbà láti Ṣáínà. Kan ni Ṣáínà, ji ni lẹ́tà. Bẹ́ẹ̀ náà ni romaji, ìyẹn kí á fi lẹ́tà a, b, d tó ti Róòmù wá kọ èdè Japan. Ji kan náà ni.

Ẹ wá wo e tó wà níbẹ̀rẹ̀. Ehon ni ìwé àwòrán tí wọ́n ń kà fáwọn ọmọdé: e ni àwòrán, hon ni ìwé. Àwòrán ìgbì òkun ńlá tí Hokusai yà, èyí tí ẹ ti rí lára aṣọ àti lára páálí fóònù, irú iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní ukiyo-e ni. E yẹn náà ló wà ní ìparí. Àwọn ìwé àwòrán gígùn tí wọ́n ń ká bí ẹní, tí wọ́n ń pè ní emaki, sì ti wà ní Japan láti nǹkan bí 900 ọdún sẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó fẹsẹ̀ tẹ Japan, awakọ̀ òkun kan tó ń jẹ́ William Adams, ọdún 1600 ló débẹ̀. E ti wà lẹ́nu wọn kí Adams tó dé, tipẹ́tipẹ́.

Ó dáa, emotion ńkọ́? Ọwọ́ àwọn Faransé ni Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á. Àwọn Faransé náà yọ ọ́ láti ara ọ̀rọ̀ Látìnì kan, emovere. Ẹ la ìyẹn náà: e tibẹ̀ túmọ̀ sí "síta", movere túmọ̀ sí "sún nǹkan kúrò níbi tó wà". Ìmọ̀lára ni ohun tó mi ọkàn títí ó fi kúrò ní ipò rẹ̀.

Ṣé ẹ rí i? E ti Látìnì ni "síta", e ti Japan ni "àwòrán". Mo ti Látìnì jẹ́ ti ìṣípòpadà, mo ti Japan jẹ́ ti ìwé kíkọ. Kò sí ibì kankan tí inú àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì ti pàdé. Ẹ̀yin náà mọ òde ìnáwó wa: gbogbo ẹni tó bá wọ aṣọ ẹbí kọ́ ni ẹbí.

Bí a bá tilẹ̀ fẹ́ wá bàbá àgbà fún emoji lẹ́yìn odi Japan, Ṣáínà la máa yà sí, kì í ṣe ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Àtọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà ni Japan ti gba ìwé kíkọ láyé àtijọ́, àti e àti moji ló sì bá a wọlé. Láyé ìgbà yẹn, "we" ni wọ́n ń pe e yìí. Nígbà tó yá, ohùn w bọ́ dànù.

Ohun kan tún wà tó máa dùn mọ́ yín nínú. Ọ̀pọ̀ wa máa ń pè é ní "ìmójì" torí ẹnu Gẹ̀ẹ́sì la ti kọ́ ọ. Ẹnu Japan kì í sọ "ì" níbẹ̀. E ni, ó sún mọ́ e inú "ewé" tiwa. Ẹnu Yorùbá ì bá ti tètè gbà á, ká ní tààrà la ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn.

Àjèjì tó gbọ́ "mágbèsì"

Bóyá ẹnì kan ṣì ń sọ pé, "Ṣùgbọ́n ó ti jọra jù! Àwòrán tó ń fi ìmọ̀lára hàn, tí orúkọ rẹ̀ tún wá jọ emotion?" Ẹ jẹ́ kí n mú un wálé.

Ká ní àjèjì kan dé Ìbàdàn, ó gbọ́ tí àwọn àgbà ń pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ronú sí i. Rédíò ń jíṣẹ́ fún aráàlú. Iṣẹ́ tí a rán sí èèyàn, message ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Mágbèsì, message. Message, mágbèsì. Háà! Ó yára kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni Yorùbá ti yá orúkọ rédíò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá á rẹ́rìn-ín títí. Ẹ mọ̀ pé a-sọ̀rọ̀-má-gba-èsì ni: ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀. Bí àjèjì yẹn bá gé e sí "asọ̀rọ̀" àti "mágbèsì", ibi tí kò sí oríkèé ló gé. Ohùn jọra, ìtumọ̀ náà sún mọ́ra, síbẹ̀ irọ́ ni.

Ohun tí àjèjì yẹn ṣe fún wa gan-an la ṣe fún àwọn ará Japan. A ò gbọ́ èdè wọn, a ò béèrè, a kàn fi ọ̀rọ̀ tí a mọ̀ la ọ̀rọ̀ tí a ò mọ̀.

Ibi tí ìdàrúdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ kan wà tí emotion bí ní tòótọ́, ìyẹn emoticon. Emotion àti icon ni wọ́n so pọ̀ di bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1982, olùkọ́ kọ̀ǹpútà kan ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà, Scott Fahlman, dábàá fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n máa fi :-) sí ìparí ọ̀rọ̀ àwàdà, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì í gbọ́. Ó ní kí wọ́n máa lo :-( fún èyí tí kì í ṣe àwàdà. Èèyàn ní láti gẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó rí ojú náà. Irú rẹ̀ ni wọ́n wá ń pè ní emoticon nígbà tó yá.

Àwọn ará Japan náà ní tiwọn, (^_^), tí kò gba kí èèyàn gẹ orí. Kaomoji ni wọ́n ń pè é: kao ni ojú, moji ni lẹ́tà. Ẹ tún rí moji níbẹ̀, àbí?

Emoji tí a mọ̀ lónìí, ara fóònù Japan ló ti jáde. Ní 1997, ilé-iṣẹ́ J-Phone gbé fóònù kan jáde tó ní 90 àwòrán nínú. Ní 1999, ilé-iṣẹ́ NTT Docomo bẹ̀rẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù tí wọ́n pè ní i-mode. Ọ̀rọ̀ inú ímeèlì rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 250 lẹ́tà lọ. Shigetaka Kurita, ọ̀kan lára àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣètò rẹ̀, ya 176 àwòrán kéékèèké fún un. Àpótí oníkókó 12 sí 12 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kókó iná 144 péré. Nínú 2016, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé MoMA ní New York gba gbogbo 176 náà sínú àkójọ iṣẹ́ ọnà rẹ̀.

Ẹ ní kí ni Kurita yà? Oòrùn, òjò, ọkọ̀ ojú irin, ife bíà, bàtà, tẹlifóònù, àmì ìràwọ̀ ìbí, ọkàn. Ìwọ̀nba ojú èèyàn díẹ̀ ló wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé torí ìmọ̀lára ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní emoji, kí ni ọkọ̀ ojú irin ń wá níbẹ̀? Ohun tí wọ́n ń wá ni àmì tí yóò dúró fún odindi ọ̀rọ̀ níbi tí àyè kò ti tó. Dípò kéèyàn kọ "òjò máa rọ̀ lọ́la", agbòòrùn kan ti tó. Iṣẹ́ lẹ́tà nìyẹn. Emoji ni orúkọ tó bá a mu, torí pé orúkọ yẹn ni Japan ti ń pe àmì alàwòrán èyíkéyìí.

Nígbà yẹn, ilé-iṣẹ́ fóònù kọ̀ọ̀kan ló ní ètò tirẹ̀, àwòrán ti ọ̀kan kì í sì í sábà ṣí dáadáa lórí ti èkejì. Ní 2010, Unicode, ìlànà àgbáyé tó ń fún gbogbo lẹ́tà ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, gba emoji wọlé ní ọ̀pọ̀ yanturu. Nígbà tó di 2011, Apple fi kíbọọ̀dù emoji sórí iPhone fún gbogbo ayé. Láti ìgbà náà ló ti di ti gbogbo wa.

Ẹ dúró síbi Unicode yìí díẹ̀. Ìlànà kan náà ló ń gbé ẹ, ọ àti ṣ tiwa. Nọ́ńbà ẹ níbẹ̀ ni 1EB9. Nọ́ńbà 😂 ni 1F602. Inú ìwé orúkọ kan náà ni wọ́n wà. Lójú fóònù yín, lẹ́tà ni ẹ, lẹ́tà náà sì ni ojú tó ń rẹ́rìn-ín. Orúkọ tí Japan fún un ò purọ́.

Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ yín

Bí ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ ṣí kíbọọ̀dù yín báyìí. Ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí ẹ kì í dé, ẹ ó rí àwọn àmì tí ẹ ti ń wò ṣáá láìmọ ohun tí wọ́n jẹ́.

Ẹ wo 💮, òdòdó funfun yẹn. Ní Japan, òǹtẹ̀ tí olùkọ́ máa ń lù sórí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe dáadáa ni, bí ìgbà tí tíṣà tiwa bá fi bírò pupa kọ ọ́ pé o káre. Ẹ wo 🔰, aláwọ̀ ewé àti ìyeyè. Awakọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ló máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀ rẹ̀ fún ọdún kan. Ẹ wo 📛, tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iná ni. Káàdì orúkọ tí wọ́n ń so mọ́ àyà ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni. Ẹ wo 🍥, ẹja lílọ̀ tí wọ́n gé pẹlẹbẹ sínú ọbẹ̀ olómi.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, báwo ni káàdì jẹ́lé-ó-sinmi Japan ṣe wà nínú ẹrù rẹ̀?

Ìbéèrè mẹ́ta fún ẹni tó bá ní "ó jọra"

Báwo wá la ṣe ń mọ ìjọra tó jẹ́ òótọ́ yàtọ̀ sí ti aṣọ ẹbí? Ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń bi ara mi.

Ìkíní: ṣé ọ̀rọ̀ náà ṣeé là nínú èdè tirẹ̀? A ti ṣe ìyẹn fún emoji.

Ìkejì: báwo ni wọ́n ṣe ń pè é látijọ́? Bí ọ̀rọ̀ méjì bá jẹ́ ìyekan, bí a bá ṣe ń padà sẹ́yìn ló yẹ kí wọ́n máa sún mọ́ra sí i. Ẹ gbọ́ èyí. Ní Japan, ilé ni wọ́n ń pè ní ie. Ilé, ie! Ẹnì kan lè búra pé ọmọ Oòdùa ló tẹ Japan dó, tí wọ́n kàn gbàgbé l sójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ padà sẹ́yìn. Nínú ìkọ̀wé àtijọ́ Japan, ihe ni wọ́n ń kọ ọ́, kí h yẹn sì tó di h, p ni wọ́n ń pè é. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn ará Èkìtì ń pè é ní ulé. Tiwọn ń padà lọ síbi p, tiwa ní l kò sì kúrò níbi l. Bí a ṣe ń padà sẹ́yìn ni wọ́n ń jìnnà síra wọn.

Ìkẹta: ọ̀nà wo ló gbà dé? Ọ̀rọ̀ kì í fò lójú òfuurufú. Oníṣòwò, awakọ̀ òkun, oníwàásù, ọmọ ogun, tàbí wáyà ló ń gbé e. Ẹ wo arigato, tí wọ́n fi ń dúpẹ́ ní Japan. Àwọn kan ní ara obrigado ti àwọn Pọtogí ló ti wá, torí pé ìdúpẹ́ làwọn méjèèjì, àwọn Pọtogí sì dé Japan lóòótọ́. Ọdún 1543 ni wọ́n débẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Japan yẹn ti wà nínú ìwé wọn kó tó di ìgbà náà. Ẹ là á: ari ni kí nǹkan wà, katai ni kó ṣòro. Ohun tó ṣòro láti rí, ohun ọ̀wọ́n. Obrigado ní tirẹ̀ ń sọ pé oore rẹ ti dè mí mọ́lẹ̀. Ìdúpẹ́ méjì ni, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ohun tó wà nínú wọn.

Mi ò sọ pé Japan kì í yá ọ̀rọ̀ o. Wọ́n ń yá dáadáa. Pan ni wọ́n ń pe búrẹ́dì, ọwọ́ àwọn Pọtogí kan náà ni wọ́n sì ti gbà á lóòótọ́, torí àwọn ló gbé búrẹ́dì dé. Karaoke tí à ń kọ ní pátì ńkọ́? Kara ni òfìfo, ti Japan ni. Oke ni ìdajì ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà lára orchestra. Orin tí ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ kò sí níjokòó. Fún àwọn yìí, ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìdáhùn.

Bí ìdáhùn ò bá sí, àkọsẹ̀bá ni. Àkọsẹ̀bá sì pọ̀ láyé. Ní Australia, èdè kan wà tí wọ́n ń pè ní Mbabaram. Ajá ni wọ́n ń pè ní dog nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, kò sì bá ti Gẹ̀ẹ́sì tan. Ohùn tí ẹnu èèyàn lè pè kò pọ̀, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ fi í sọ ló pọ̀. Kò sí bí wọn ò ṣe ní forí gbárí. Ní Japan, oba ni àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá tàbí bàbá ẹni lóbìnrin. Oshi sì ni olórin tí èèyàn fẹ́ràn jù. Ẹ má lọ fi òṣì Yorùbá túmọ̀ ìyẹn fún ọmọ Japan o.

Ohun tó kàn wá níbẹ̀

Mo mọ̀ pé ẹ ti gba irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí rí, èyí tí wọ́n kọ "a fi ránṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà" sí lórí: "Ẹ̀rí rèé pé ìlú báyìí ni Yorùbá ti wá! Ẹ wo ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tó jọra!" Ní oṣù tó kọjá Íjíbítì ni, lóṣù yìí Ísírẹ́lì ni. Kì í ṣe WhatsApp ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1948, J. Olumide Lucas tẹ ìwé kan jáde lórí ẹ̀sìn àwọn Yorùbá, ó sì to ọ̀rọ̀ Yorùbá àti ti Íjíbítì àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti fi hàn pé ọ̀hún la ti ṣẹ̀ wá. Àwọn onímọ̀ èdè kò gba irú ẹ̀rí yẹn wọlé, nítorí pé ìjọra ohùn nìkan kò tó.

Àwọn onímọ̀ yẹn ò sọ pé a ò ní ẹbí o. Ẹ̀ta tiwa, ẹ̀ta náà ni lẹ́nu àwọn Ígálà, eha ni lẹ́nu Ẹ̀dó, atọ ni lẹ́nu Ígbò. Etí tiwa, ntị ni lẹ́nu Ígbò. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì, ọ̀pọ̀ ni, wọ́n sì jẹ́ ọ̀rọ̀ inú ilé: òǹkà, ẹ̀yà ara. Ìyàtọ̀ àárín wọn pàápàá ń tẹ̀ lé ìlànà. Àwọn tí a jọ ń gbé nítòsí ni ẹbí wa, a wá ń fi wọ́n sílẹ̀, à ń sá lọ bá ẹni tó wọ aṣọ tó jọ tiwa ní òkè òkun.

Ibi tó ti ta mí gan-an rèé nínú ọ̀rọ̀ emoji. Kò sẹ́ni tó fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn tàn wá jẹ. Àwa fúnra wa la tan ara wa. Nǹkan tuntun dé, ó wúlò, ó rẹwà, a sì ti gbà lọ́kàn pé ọ̀dọ̀ Òyìnbó ló ti máa wá. A ò tilẹ̀ ronú láti béèrè. Ẹni tó bá ń gba orúkọ àwọn ará Japan lọ́wọ́ wọn báyìí láìmọ̀, bí wọ́n bá gba tirẹ̀ lọ́la, ṣé yóò mọ̀?

Kí n tó lọ

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Àǹtí. Bó bá jẹ́ pé ìmọ̀lára ni emoji, Àǹtí ò jẹ̀bi, torí ohun tó wà lọ́kàn wọn ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n moji ni, lẹ́tà ni, a kì í sì í bí ìwé kíkà mọ́ ẹnikẹ́ni. Kíkọ́ ni. Ohun tí Àǹtí ṣe kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó fẹ́ kọ ọkọ́ tó wá kọ ọkọ̀: àmì kan péré ló ṣì. Ẹnu tó ṣí sílẹ̀ ẹ̀rín àti ẹnu tó ṣí sílẹ̀ ẹkún ló dojú rú mọ́ wọn lọ́wọ́, nínú àwòrán tí kò tó èékánná.

Mo pè wọ́n lórí fóònù lọ́jọ́ kejì. Mo ṣàlàyé 😂 fún wọn pé ẹ̀rín àrínpa lèyí, pé 😭 lèyí tí wọ́n ń wá. Mo sọ ohun tí e jẹ́ àti ohun tí moji jẹ́. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n wá ní, "Nígbà tí ẹ mọ̀ pé ìwé ni, kí ló dé tí ẹ ò ti kọ́ mi kà á láti ìgbà tí ẹ ra fóònù yìí fún mi?"

Mo tọrọ àforíjì. Láti ìgbà yẹn, gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń fi emoji mẹ́ta ránṣẹ́ sí wọn pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo bí ọmọ kan, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ kí mi. Òdòdó funfun, 💮, kan ṣoṣo ni wọ́n fi ránṣẹ́. Mo káre.

Ó kù sọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ wo lẹ máa ń jiyàn lé lórí nílé tàbí níbi iṣẹ́ pé ibi báyìí ló ti wá? Ẹ gba ohùn yín sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, a ó fi ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bi í lórí ètò. Títí dìgbà náà, ẹ máa tọ́jú ara yín. Ó dàbọ̀ o.